Ọdún tí mo gbé báàgì Màámi sọ̀kalẹ̀

Ní ọ̀sẹ̀ tó kẹ́yìn oṣù Kejìlá ọdọọdún, mo máa ń jókòó kọ ohun tí ọdún gbé wá àtohun tó gbé lọ. Mo máa ń ka owó àjọ tí mo kó, mo máa ń ka ìwé tí mo kà tán, mo máa ń kọ orúkọ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mi tó yege. Ti ọdún 2025 kò ní rí bẹ́ẹ̀. Ohun kan ṣoṣo ló ṣẹlẹ̀ sí mi lọ́dún yìí, abẹ́ rẹ̀ ni gbogbo ìyókù wà. Màámi kú.

Oṣù Kejì ni, láàárọ̀ kùtù, lórí ibùsùn wọn lọ́dọ̀ mi ní Ìbàdàn. Ẹni ọdún 84 ni wọ́n. Gbogbo ẹni tó wá kí wa ló ń sọ pé òkú àgbà ni, òkú ijó, òkú ayọ̀. A sì jó lóòótọ́. Mo wọ aṣọ ẹbí, mo náwó fún àwọn onílù. Ohun tí n kò sọ fún ẹnikẹ́ni lọ́jọ́ náà ni mo fẹ́ sọ báyìí: lóṣù 16 tí wọ́n lò kẹ́yìn láyé, èmi ọmọ wọn ni mo dè wọ́n mọ́lẹ̀. Ìfẹ́ ni mo fi ṣe okùn, ṣùgbọ́n okùn ni.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ irú ẹni tí mo dè.

Bí ẹ bá gbé Ògbómọ̀ṣọ́ láàárín ọdún 1978 sí 1995, tí ẹ sì máa ń gba Tákíè kọjá, ó ṣeé ṣe kí ẹ ti rí wọn: obìnrin kúkúrú, gèlè aláwọ̀ ewé lórí, tìmùtìmù nídìí kí ojú wọn lè ríran síta, nínú píkọ́ọ̀pù Píjó 404 tí ẹ̀yìn rẹ̀ kún fún máńgòrò. Ìyá Gánà ni gbogbo àdúgbò ń pè wọ́n.

Kùmásí ni orúkọ náà ti wá. Ẹni ọdún 19 ni wọ́n nígbà tí Bàámi gbé wọn níyàwó lọ́dún 1960, tí àwọn méjèèjì sì kọrí sí Gánà. Ìrìn-àjò yẹn kì í ṣe tuntun nílùú wa. Ojú irin kò gba Ògbómọ̀ṣọ́ kọjá. Òṣogbo àti Ọ̀fà ló gbà lọ sí Ìlọrin. Àwọn èèyàn wa kò torí ìyẹn jókòó sílé. Láyé ìgbà náà, agboolé tí kò ní ẹnì kan ní Kùmásí, Tamale tàbí Accra kò pọ̀. Bàámi ń ránṣọ, Màámi ń ta wósìwósì: àwo tánganran, dígí, abẹ́rẹ́, òwú, ọṣẹ dúdú. Àwọn ìyàwó ẹgbẹ́ wọn máa ń jókòó ti ọjà wọn ni. Màámi kò lè jókòó. Bí ọjà bá ti dá, wọ́n á di ẹrù, wọ́n á wọ ọkọ̀ akẹ́rù, ó di abúlé àwọn olóko kòkó, níbi tí wọn kò ti mọ ẹyọ ẹnì kan. Kí ọdún tó yí po, wọ́n ti ń fi èdè Twi ná ọjà. Mo bi wọ́n nígbà kan pé ta ló kọ́ wọn. Wọ́n ní, "Ẹni tí wọ́n jẹ lówó kì í pẹ́ gbọ́ èdè."

Ní ọjọ́ 18 oṣù Kọkànlá ọdún 1969, ìjọba Kofi Busia kéde pé àjèjì tí kò bá ní ìwé ìgbélùú gbọ́dọ̀ gbà á láàárín ọ̀sẹ̀ méjì, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, kó kúrò ní Gánà. Ta ló níwèé nínú àwọn tiwa? Ọ̀pọ̀ nínú wọn ti gbàgbé pé àjèjì ni àwọn. Kùmásí ni wọ́n bí àwọn ẹ̀gbọ́n mi méjèèjì sí. Èmi ṣì wà nínú oyún. Ogun abẹ́lé ṣì ń jà ní Nàìjíríà tí wọ́n ní kí wọ́n padà sí. Bàámi ta máṣíìnì ìránṣọ ní ìdajì owó, Màámi ta àwo ní iye tí ẹni tó ń rà á bá ti dá, ọkọ̀ akẹ́rù sì kó wọn lọ sí Aflao. Òru mẹ́ta ni gbogbo ilé wa sùn sórí ẹrù níbẹ̀ kí wọ́n tó rí ọ̀nà wọ Tógò. Owó wà nínú tòbí Màámi, sídì ni gbogbo rẹ̀, ẹni tó sì fẹ́ gbà á ní iye tó tọ́ kò sí.

Lomé ni wọ́n ti rí ohun tí wọn kò gbàgbé mọ́. Àwọn obìnrin oníṣòwò áńkárá wà níbẹ̀ nígbà náà, àwọn tí ayé wá ń pè ní Nana Benz nígbà tó yá, nítorí ọkọ̀ Mercedes tí wọ́n fi ń rìn. Ọ̀kan nínú wọn dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà, ó sọ̀ kalẹ̀ níbi tí dírẹ́bà máa ń jókòó, ó yọ kọ́kọ́rọ́, ó fi kọ́ ìka, ó wọ ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ lọ. Màámi ní àwọn kò wo aṣọ ọrùn rẹ̀, àwọn kò wo wúrà etí rẹ̀. Kọ́kọ́rọ́ yẹn ni àwọn ń wò. Wọ́n tú tòbí, wọ́n fi sídì tí kò níyì mọ́ ra áńkárá díẹ̀. Nígbà tí wọ́n fi máa wọ Ògbómọ̀ṣọ́ pẹ̀lú oyún àti ọmọ méjì, ọjà wà lórí wọn. Wọn kò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ pé wọ́n lé àwọn wálé lọ́wọ́ òfo.

Ó tó ọdún méjì tí Màámi fi ń bẹ dírẹ́bà àgbà kan ní gáréèjì kó kọ́ àwọn ní ọkọ̀ wíwà. Bàbá náà kò gbà. Ó ní obìnrin ọlọ́mọ mẹ́ta, kí ló fẹ́ fi ṣíárìn ṣe? Ìgbà tí ìjọba wá kéde pé láti ọjọ́ 2 oṣù Kẹrin ọdún 1972, gbogbo ọkọ̀ Nàìjíríà máa kúrò lápá òsì bọ́ sápá ọ̀tún, Màámi tún padà lọ. Wọ́n ní, "Bàbá, ẹ̀yin náà ṣẹ̀ṣẹ̀ fẹ́ bẹ̀rẹ̀ ni. Ẹ jẹ́ ká jọ kọ́ ọ." Ọjọ́ Àìkú ni ọjọ́ náà, ọjọ́ Àjíǹde sì ni. Àwọn tó ti wakọ̀ ní ogún ọdún ń làágùn ní kọ́nà. Màámi kò ní àṣà àtijọ́ tí wọ́n máa gbàgbé. Apá ọ̀tún ni wọ́n ti rí i tí wọ́n ń rìn ní Lomé àti ní Dahomey, tí à ń pè ní Benin báyìí, apá ọ̀tún náà ni wọ́n sì fi bẹ̀rẹ̀. Mo fẹ́ràn ìtàn yìí ju gbogbo ìtàn wọn lọ. Gbogbo ìlú dàpọ̀ di akẹ́kọ̀ọ́ lọ́jọ́ kan náà, Màámi sì fẹsẹ̀ kọ́ ẹnu ọ̀nà náà kó má baà tún tì.

Ọdún 1978 ni wọ́n ra 404, àlòkù. Bátìrì rẹ̀ kì í sábà dáa, irin ni wọ́n fi ń yí ẹ́ńjìnnì láti iwájú. Lọ́jọ́ kan irin náà ta padà, ó ṣẹ́ àtàǹpàkò ọwọ́ ọ̀tún wọn. Wọ́n fi aṣọ dì í, wọ́n gbé máńgòrò dé Èkó kí wọ́n tó lọ rí dókítà. Ìka náà kò tọ́ mọ́ títí wọ́n fi kú. Ó wọ́ sẹ́yìn bí ìwọ̀ tí wọ́n fi ń ká èso. Nígbà tí mo wẹ̀ wọ́n lóṣù Kejì, ìka yẹn ni mo dì mú pẹ́ jù.

Ẹni tó bá mọ máńgòrò Ògbómọ̀ṣọ́ mọ̀ pé kì í dúró de ẹnikẹ́ni. Bó bá ti pọ́n, ọjọ́ mélòó kan ló ní. Agogo méjì òru ni a máa ń gbéra, èmi náà á wà níwájú lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn bí ilé ẹ̀kọ́ bá wà ní ìsinmi. Ọ̀nà Ọ̀yọ́ tóóró, ọkọ̀ àjàgbé ń já bọ̀ láti òkè Ọya, òórùn máńgòrò àti ti bẹntiróòlù dàpọ̀ mọ́ra. Màámi kì í kọrin, wọn kì í sì í sọ̀rọ̀. Wọ́n á kàn máa rẹ́rìn-ín músẹ́ sí ojú ọ̀nà. Mo rò nígbà náà pé gbogbo ìyá ló ń wakọ̀ lóru.

Bàámi kú lọ́dún 1981. Nígbà tí ọ̀fọ̀ kúrò nílẹ̀, àwọn ẹbí wá, wọ́n ní àwọn fẹ́ ṣú Màámi lópó fún àbúrò Bàámi. Màámi ro àmàlà láfún, wọ́n bu ẹran tó jọjú, wọ́n jẹ́ kí àwọn àlejò jẹun tán, wọ́n kúnlẹ̀. Wọ́n ní, "Ẹ ṣeun tí ẹ rántí mi. Ọkọ mi ló kú, ọkọ̀ mi ò kú." Ọ̀rọ̀ náà kò tún dé ilé wa mọ́.

Owó máńgòrò àti kajú yẹn ló rán àwa mẹ́tẹ̀ẹ̀ta níléèwé. Ṣùgbọ́n àwa tí wọ́n fi rìnrìn-àjò tọ́, a kò jọ wọ́n. Èmi pàápàá, ẹ̀rù ọ̀nà máa ń bà mí. Olùkọ́ ni mí, ilé sí iléèwé, iléèwé sí ilé. Ọmọ mi obìnrin ló jọ wọ́n.

Nígbà tí ọkọ̀ ojú irin tuntun bẹ̀rẹ̀ sí ná Ìbàdàn sí Èkó lọ́dún 2021, Màámi ti wá ń gbé lọ́dọ̀ mi. Ẹni 80 ọdún ni wọ́n, ọmọ mi jẹ́ ẹni ọdún 17. Mo ti iléèwé dé lọ́jọ́ kan, ilé dá páropáro. Fóònù dún nígbà tó ṣe. "A wà ní Alágoméjì, ní ibùdókọ̀ ojú irin. Inú rẹ̀ tutù ju báǹkì lọ. Má dúró dè wá jẹun." Wọ́n ti mú ọmọ mi lọ sí Mónìyà láàárọ̀, wọ́n ra tíkẹ́ẹ̀tì méjì, ó tán. Mo bínú débi pé ọwọ́ mi ń gbọ̀n. Nígbà tí wọ́n dé, mo pariwo lé ọmọ lórí nítorí pé n kò lè pariwo lé ìyá mi. Fọ́tò tí ọmọ náà yà lọ́jọ́ yẹn ló wà lára ògiri mi báyìí: Màámi fi iwájú orí ti gíláàsì fèrèsé, ẹnu wọn là díẹ̀, igbó ń sáré kọjá lójú wọn.

Mo wá dé ibi tí mo ń lọ.

Lóṣù Kẹwàá ọdún 2023, wọ́n ní àwọn fẹ́ lọ sí Kùmásí. "Mo níṣẹ́ kan níbẹ̀." Mo ní, "Iṣẹ́ wo, Màámi? Ìgbà wo lẹ máa sinmi?" Wọn kò dá mi lóhùn. Lọ́jọ́ kejì wọ́n di báàgì búlúù kan, wọ́n gbé e sẹ́yìn ilẹ̀kùn. Ẹnikẹ́ni tó bá gbé pẹ̀lú wọn mọ ohun tí ìyẹn jẹ́. Báàgì Màámi tó bá ti dé ẹ̀yìn ilẹ̀kùn, ó ti lọ nìyẹn. Lóru, mo gbé e lọ sórí wọ́dírọ́ọ̀bù mi, mo fi aṣọ bò ó. Láàárọ̀ wọ́n wo ẹ̀yìn ilẹ̀kùn, wọ́n wo ojú mi, wọn kò sọ nǹkan kan. Wọ́n lọ jókòó lórí àga tó wà lẹ́bàá fèrèsé. Ibẹ̀ ni wọ́n wà fún oṣù 16.

Ẹ̀jẹ̀ ríru wà, ojú wọn kò ríran dáadáa mọ́, ọ̀nà kò dára. Gbogbo ọ̀rẹ́ tí mo sọ ọ́ fún ló ní ohun tó yẹ ọmọ gidi ni mo ṣe. Ó lè jẹ́ bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n mo lè ní, "Màámi, ẹ jẹ́ ká jọ lọ." Ọ̀rọ̀ mẹ́fà péré ni, kò sì wá sí mi lọ́kàn rárá. Ìyẹn ló ń jẹ mí lọ́kàn láti oṣù Kejì.

Ní ọjọ́ mẹ́ta tó ṣáájú ikú wọn, Twi nìkan ni wọ́n ń sọ. Gbólóhùn kan ni wọ́n ń tún sọ lemọ́lemọ́: "Merekɔ aba." Mo gbé fóònù sẹ́nu wọn kí ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin lè gbọ́, nítorí pé wọ́n tó ọmọ ọdún méje kí wọ́n tó kúrò ní Kùmásí. Ẹ̀gbọ́n mi dákẹ́ fún ìgbà díẹ̀. Wọ́n ní, "Wọ́n ní àwọn ń lọ, àwọn ń bọ̀."

Oṣù Karùn-ún ni mo tó ní ìgboyà láti gbé báàgì náà sọ̀kalẹ̀. Ìró méjì, ọṣẹ, pákò kan, owó sẹ́fà díẹ̀, ìwé ìrìnnà tuntun tí n kò mọ̀ pé wọ́n gbà. Ọmọ mi sunkún, ó jẹ́wọ́ pé òun ló tẹ̀ lé wọn lọ gbà á. Ìwé gbèsè kan wà nísàlẹ̀, irú èyí tí àwọn oníṣòwò máa ń lò, eruku ti sọ ọ́ di pupa. Iléèwé Ọjọ́ Ìsinmi ni Màámi ti kọ́ kíkà àti kíkọ, ọwọ́ ìkọ̀wé wọn tóbi bí ti ọmọdé. Wọ́n ti fa igi lé gbogbo ojú ewé náà, ìyẹn àwọn gbèsè tó ti san. Ẹyọ kan ṣoṣo ni igi kò kọjá lórí rẹ̀:

"Ìyá elẹ́ja. Ẹja apẹ̀rẹ̀ kan. Sídì 18. Ó lọ Yeji. N ò rí i kí a tó lọ."

Mo jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀. Mo ti rò pé bóyá wọ́n fẹ́ lọ wo ilé àtijọ́ ni, tàbí pé ọjọ́ ogbó ń da ọkàn wọn rú. Gbèsè ni wọ́n fẹ́ lọ san. Obìnrin náà ti lọ ra ẹja ní Yeji, létí adágún Volta, nígbà tí ọ̀sẹ̀ méjì Busia pé. Màámi ti jẹ owó rẹ̀ láti ọdún 1969, wọ́n sì gbé e káàkiri, dé Ògbómọ̀ṣọ́, dé Èkó, dé Ìbàdàn. Nígbà tí wọ́n ṣe tán láti sọ ọ́ kalẹ̀, mo gbé báàgì sá pamọ́.

A lọ lóṣù Kẹjọ, èmi àti ọmọ mi. Ní ìparí oṣù Keje, àwọn kan wọ́de ní Gánà pé kí àwọn ọmọ Nàìjíríà máa lọ sílé, fídíò rẹ̀ sì gba orí fóònù gbogbo èèyàn. Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin pè mí láti Ìlọrin tẹkúntẹkún. Ọmọ ọdún mẹ́rin ni wọ́n nígbà tí wọ́n sùn sí Aflao, wọ́n ní ẹkún àwọn ọmọdé ibẹ̀ ṣì ń dún létí àwọn. Mo bẹ̀ wọ́n, mo lọ. Ẹ̀rù bà mí láti Èkó dé Kùmásí, n kò ní parọ́.

Lọ́jọ́ 28 oṣù Karùn-ún ọdún yìí, ó pé 50 ọdún tí wọ́n dá ECOWAS sílẹ̀ ní Èkó. Òun ló jẹ́ kí a gba Sẹ̀mẹ̀ kọjá láìní físà, kí a gba Kùtọnú dé Hillacondji, níbi tí aago fóònù ọmọ mi ti fi wákàtí kan padà sẹ́yìn fúnra rẹ̀ bí a ṣe wọ Tógò. Aflao kò jìnnà sí ọjà Lomé rárá. Ibodè náà kan ìgboro. Mo dúró níbẹ̀, mo ń wá ibi tí èèyàn lè tẹ́ ẹní sí fún òru mẹ́ta. Kọnkéré ni gbogbo rẹ̀ báyìí. Ọmọ mi di ọwọ́ mi mú. Ó ní, "Mọ́mì, ẹ̀yin náà sùn síbí o. Inú Ìyá Àgbà lẹ wà." Mi ò tíì rò ó bẹ́ẹ̀ rí.

Kùmásí tóbi ju ohun tí Màámi ń sọ lọ. Wọ́n ti tún ọjà Kejetia kọ́, alájà lórí alájà. Ibi tí a fi ojú inú wò láti inú ìtàn wọn kò sí mọ́. A rìn dé ọ̀dọ̀ àwọn tó ń ta ọṣẹ, mo sì rí ọṣẹ dúdú, irú èyí tí Màámi ń tà gan-an. Ọmọ mi bi obìnrin tó ń tà á ní orúkọ rẹ̀. "Alata samina." Àwa Yorùbá ni wọ́n ń pè ní Alata, ọṣẹ wa ni. Wọ́n lé àwọn èèyàn lọ, orúkọ wọn jókòó sára ọṣẹ nínú ọjà, obìnrin náà kò sì mọ̀ pé àwọn tó ń wo ọṣẹ rẹ̀ ló ni ín. Mo ra mẹ́fà.

Lọ́dọ̀ àwọn ẹlẹ́ja, ọmọ mi ṣí ìwé gbèsè, a wá ẹni tó gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì, a ṣàlàyé. Obìnrin bí mẹ́wàá ló yí wa ká. Ẹni kankan kò mọ ìyá náà, ta ni kò ní kú láti 1969? Wọ́n bá wa ṣírò owó náà. Ní 2007, Gánà sọ 10,000 sídì àtijọ́ di ẹyọ kan, nítorí náà sídì 18 Màámi kò tó pésúwà kan lónìí. Èèyàn kò lè san án, kò sí owó tó kéré tó bẹ́ẹ̀. Ọ̀kan lára wọn, tó dàgbà jù, gba ìwé náà, ó fi ìka tẹ̀ lé ọ̀rọ̀ tí kò lè kà. Ó sọ̀rọ̀, wọ́n túmọ̀ rẹ̀ fún wa: kì í ṣe sídì ni ìyá yín jẹ, ẹja ni. Ẹja apẹ̀rẹ̀ kan. Ẹ wo iye tí apẹ̀rẹ̀ kan jẹ́ lónìí.

A bi wọ́n ní iye rẹ̀, a sì ka á pé sínú àpòòwé. Mo nà án sí ìyá àgbà náà. Kò gbà á. Ó ní ẹlẹ́ja tó bá ti darúgbó, Yeji ni ọ̀pọ̀ wọn ń padà sí, àwọn ọmọ wọn sì wà níbẹ̀ tí wọ́n ṣì ń yan ẹja. Pé ká lọ béèrè lẹ́bàá omi. Ọjọ́ méjì péré ló kù kí iléèwé mi tó wọlé. A kò lè lọ.

Nítorí náà n kò tíì lè fa igi lé e. Ọmọ mi ti wo ọ̀nà láti Kùmásí dé Yeji, a ó lọ ní ìsinmi Àjíǹde. Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ní àwọn máa bá wa lọ, wọ́n ti lọ ya fọ́tò ìwé ìrìnnà. Báàgì búlúù wà lẹ́yìn ilẹ̀kùn. Mo fi ìró wọn méjèèjì sílẹ̀ nínú rẹ̀, mo kó ìwé gbèsè àti àpòòwé sápá kan. Pákò ibẹ̀ ti gbẹ, mo ra òmíràn sí i.